Bí a ṣe ń tọ́jú G6PD ènìyàn tó ní ìrù His, tí a sì ń wọn agbára rẹ̀ nínú láàbù

Ẹ́ńsáímù tí à ń pè ní G6PD (glucose-6-phosphate dehydrogenase) wà nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn, ṣùgbọ́n inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ ni àìtó rẹ̀ ti ń hàn jù. Súgà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ glucose-6-phosphate (G6P) ló ń ṣiṣẹ́ lé lórí, iṣẹ́ náà ló sì fi ń sọ NADP⁺ di NADPH. NADPH yìí ni sẹ́ẹ̀lì pupa fi ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí oògùn bíi primaquine, tàbí káńfọ̀ tí àwọn ìyá máa ń kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun, bá fẹ́ bà á jẹ́. Orí krómósómù X ni jíìnì rẹ̀ wà, ìdí nìyí tí àìtó rẹ̀ fi ń hàn lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní àìtó náà. Lọ́dún 1969, Lucio Luzzatto, Essien Usanga àti Shunmugam Reddy tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn jáde. Wọ́n rí i pé nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ní oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjèèjì pọ̀, kòkòrò ibà pọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tí G6PD wọn pé ju àwọn tí tiwọn kò tó lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáímù yìí kan àwa gan-an, ó sì yẹ kí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ dáadáa.

Lónìí, kò pọn dandan kí a yọ ọ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á fi jíìnì ènìyàn sínú bakitéríà E. coli kí ó máa bá wọn ṣe é, wọ́n á sì so histidine mẹ́fà mọ́ ọn bí ìrù, kí ìlẹ̀kẹ̀ nickel lè fà á jáde láàárín ẹgbàágbèje purotéènì mìíràn. Inú ìgò kékeré ló máa ń dé, 50 tàbí 100 µg, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹni tí irú ìgò bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó fẹ́ kó pẹ́, tó sì fẹ́ kí nọ́ńbà tó bá rí níbẹ̀ ṣeé gbà gbọ́, la kọ èyí fún.

Ohun kan wà tó ju gbogbo ìyókù lọ: ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńsáímù yìí wà láìsí NADP⁺ nítòsí rẹ̀. Yàtọ̀ sí ojú ibi tí NADP⁺ ti ń ṣiṣẹ́, G6PD ènìyàn ní ibòmíràn lára rẹ̀ tí NADP⁺ kejì máa ń jókòó sí. Ọ̀kan yìí kì í ṣe iṣẹ́ kankan. Ó dúró bí òpó àárín ilé, òun ló di gbogbo rẹ̀ mú. Àwòrán kírísítálì rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2000 ló jẹ́ kí a rí òpó náà kedere. Bí ẹ bá fi bọ́fà lásán (omi tó ń mú pH dúró sójú kan) la ẹ́ńsáímù náà kí ó lè fúyẹ́, òpó á yọ, ilé á sì wó. Kò ní í wó lójú yín o. Ó lè wà lórí yìnyín níbẹ̀ kí ó máa kú lọ ní wákàtí-wákàtí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń sọ pé ìgò tí wọ́n rà kò dára, bọ́fà tí wọ́n fi là á ló pa á.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé tó bá a wá

Ibi tí ìrù wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ̀gbẹ́ ìparí purotéènì ni òpó NADP⁺ tí a sọ yẹn sún mọ́, nítorí náà èyí tí ìrù rẹ̀ wà níwájú ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù. Ti ẹ̀yìn lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wọn agbára rẹ̀ kí ẹ tó fọkàn tán an.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó wà nínú bọ́fà rẹ̀: ṣé glycerol wà, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún? Ṣé NADP⁺ wà? Ṣé DTT (tó ń dáàbò bo purotéènì lọ́wọ́ afẹ́fẹ́), EDTA (tó ń gbá irin mú), imidazole (tó ń tú ìrù His kúrò lára nickel) tàbí albumin ẹ̀jẹ̀ màlúù, BSA, wà níbẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé láàbù yín, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló máa padà wá bá yín lẹ́yìn ọ̀la. BSA máa ń ba wíwọn purotéènì jẹ́, EDTA máa ń ṣí nickel kúrò lára ìlẹ̀kẹ̀, NADP⁺ sì máa ń parọ́ lórí 280 nm, ìmọ́lẹ̀ tí a sábà fi ń wọn purotéènì.

Ẹ wo irú G6PD ènìyàn tí jíìnì náà jẹ́ pẹ̀lú. B ni orúkọ èyí tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé. A⁻ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní ìyípadà méjì: 376A>G, tó sọ asparagine 126 di aspartate, àti 202G>A, tó sọ valine 68 di methionine. Bí iṣẹ́ yín bá dá lórí àìtó G6PD ní Nàìjíríà, tí ẹ sì ra B nìkan, ìdajì ìbéèrè yín nìkan lẹ máa rí dáhùn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á bóyá wọ́n ti yọ jíìnì zwf kúrò nínú bakitéríà tí wọ́n lò. Zwf ni G6PD ti E. coli fúnra rẹ̀. Amino acid 491 ló ní, ti ènìyàn ní 515, nítorí náà wọ́n súnmọ́ra lórí jẹ́ẹ̀lì tí a fi ń ya purotéènì bí wọ́n ṣe tóbi tó, débi pé ojú lásán lè má yà wọ́n sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣe àyẹ̀wò tí ẹ máa gbé èsì rẹ̀ fún aláìsàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi sórí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, ẹ rántí pé inú bakitéríà ló ti wá: endotoxin, májèlé ara bakitéríà, tó bá ṣẹ́kù sínú rẹ̀ lè ru sẹ́ẹ̀lì adáàbòbo ara sókè, kí ẹ wá máa rò pé G6PD ló ṣe é.

Ọjọ́ tó bá dé

Orí yìnyín gbígbẹ ló sábà máa ń wá. Ẹ ṣí páálí náà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ má ṣe gbé e sínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì pa. Ẹ wò bóyá yìnyín ṣì kù. Bó bá ti tán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sì ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ wo ìdérí túùbù dáadáa. Gáàsì tó ń jáde lára yìnyín gbígbẹ máa ń gba inú ìdérí tí kò dé dáadáa wọlé, ó máa ń pò mọ́ bọ́fà, á sì sọ ọ́ di kíkan.

Ẹ jẹ́ kó yọ́ lórí yìnyín, kì í ṣe ní àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó bá yọ́ tán, ẹ yí i nínú centrifuge fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdérí lè sọ̀kalẹ̀. Nínú 100 µl, 10 µl tó bá há sókè kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹ má ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n túùbù, nítorí ìfófòó máa ń tú purotéènì. Ẹ fi pipette fà á sókè-sódò jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tó.

Ẹ pín in lọ́jọ́ náà

Ẹ bù ú sínú túùbù kéékèèké, 10 µl ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú túùbù tí purotéènì kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́. Túùbù kan, lílò kan. Yíyọ́ àti dídì léraléra ló máa ń jẹ agbára ẹ́ńsáímù, díẹ̀díẹ̀ sì nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìdá mẹ́wàá lónìí, ìdá mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí ẹ ó fi máa dá ara yín lẹ́bi lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi yín.

Bí NADP⁺ kò bá sí nínú rẹ̀, ẹ fi sí i nísinsìnyí kí ẹ tó pín in, kí ó jẹ́ nǹkan bí 100 µM. 1 µl láti inú 10 mM ló tó fún 100 µl. Bí glycerol inú rẹ̀ kò bá ju ìdá 10 sí 20 lọ, −80 °C ni ibùgbé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá 50, kì í dì ní −20 °C, ìyẹn sì rọrùn fún láàbù tí kò ní fírísà ńlá. Fírísà tó máa ń yọ́ yìnyín ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dára fún un, nítorí ó ń gbóná díẹ̀ lóòrèkóòrè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fọwọ́ bò. Bí NEPA bá mú iná lọ, fírísà tó kún máa ń pẹ́ kó tó gbóná ju èyí tó ṣófo lọ. Nítorí náà, ẹ kó ike omi tó ti dì sí gbogbo àlàfo inú rẹ̀. Ẹ pín túùbù náà sí fírísà méjì tí kì í ṣe orí ínfátà kan náà ni wọ́n wà. Ẹ tún lè ju owó ẹyọ kan sórí omi dídì nínú ife kékeré kan nínú fírísà. Bí ẹ bá dé lọ́jọ́ Ajé tí ẹ rí owó náà ní ìsàlẹ̀ yìnyín, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

Wíwọn iye purotéènì

Ẹ má ṣe lo 280 nm. NADP⁺ tó wà nínú bọ́fà ń gba ìmọ́lẹ̀ gan-an lórí 260 nm, ó sì ń nà dé 280, nítorí náà ẹ máa rí purotéènì tí kò sí níbẹ̀. BCA, ọ̀nà mìíràn tí a fi ń wọn purotéènì, kò bá DTT àti imidazole rẹ́. Bradford, aró tó ń yí àwọ̀ bó bá kan purotéènì, ni kí ẹ lò, lórí 595 nm.

Nínú àwo oníhò 96, 5 µl purotéènì àti 250 µl omi aró Bradford ti tó. Ẹ fi BSA ṣe òṣùwọ̀n láti 0.1 dé 1 mg/ml. Ẹ la G6PD yín ní ìlọ́po méjì kí ẹ má bàa ná púpọ̀. Bọ́fà kan náà tó wà nínú ìgò ni kí ẹ fi ṣe èyí tí kò ní purotéènì, kì í ṣe omi. Bí ẹni tó tà á bá ti fi BSA sínú ìgò, kò sí bí ẹ ṣe lè fi Bradford mọ iye G6PD. Ẹ gba iye tó wà nínú ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi jẹ́ẹ̀lì yẹ̀ ẹ́ wò.

Lórí jẹ́ẹ̀lì SDS oní 10%, ẹ fi 1 µg sí i. Ìwọ̀n G6PD ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 59 kDa. Histidine mẹ́fà fi 0.8 kDa kún un, bí ibi tí ẹ́ńsáímù mìíràn ti lè gé ìrù bá sì wà níbẹ̀, gbogbo àfikún náà á tó bíi 2. Ìlà kan ṣoṣo láàárín 59 sí 61 lẹ ń wá. BSA á dúró lókè rẹ̀ díẹ̀, ní bíi 66. Bí ẹ bá rí ìlà kéékèèké nísàlẹ̀, ohun kan ti ń gé e. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí kọ́lọ́ọ̀mù tó ń fi títóbi ya purotéènì bá sọ pé 120 tàbí 240 kDa ni: méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin ló ń so pọ̀ nígbà tó bá wà láàyè. Iyọ̀ púpọ̀ àti pH gíga ń fà á sí méjì-méjì, pH tó lọ sílẹ̀ ń fà á sí mẹ́rin-mẹ́rin.

Wíwọn agbára rẹ̀

NADPH ń gba ìmọ́lẹ̀ lórí 340 nm, NADP⁺ kì í gbà á níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ́ńsáímù ṣe ń ṣiṣẹ́ ni A340 (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà lórí 340 nm) ń gòkè, ẹ̀yin á sì máa ka bó ṣe ń yára gòkè. Cuvette (ife kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ń gbà kọjá) oníke lásán kò ní ìṣòro lórí 340, kò sí ìdí láti ná owó sórí quartz fún èyí.

Ẹ kọ́kọ́ pèsè ìwọ̀nyí:

- Tris-HCl 1 M, pH 8.0. Ẹ wọn pH rẹ̀ ní ìwọ̀n ooru tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́, torí pH Tris máa ń sọ̀kalẹ̀ bó bá ń gbóná.
- MgCl₂ 1 M.
- NADP⁺ 20 mM: 15.7 mg oníyọ̀ sodium méjì nínú 1 ml omi tí a sẹ́ mọ́. Inú omi ni kí ẹ pò ó sí, kì í ṣe inú Tris, nítorí ibi tí pH ti ga ni NADP⁺ ti ń bàjẹ́. Ẹ pín in, kí ẹ sì fi sí −20 °C.
- G6P 100 mM: 30.4 mg oníyọ̀ sodium méjì nínú 1 ml, bí omi kò bá sí lára kírísítálì rẹ̀. Ẹ wo ara ìgò. Bí omi bá wà níbẹ̀, ẹ tún ìṣirò náà ṣe.
- Bọ́fà ìlà, ìyẹn èyí tí ẹ máa fi la ẹ́ńsáímù: Tris 50 mM pH 7.5, BSA 1 mg/ml, NADP⁺ 10 µM, DTT 1 mM. Ẹ pò ó lọ́jọ́ tí ẹ máa lò ó, ẹ sì gbé e sórí yìnyín.

BSA inú bọ́fà ìlà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí purotéènì bá kéré jù nínú omi, ara ike ló máa lẹ̀ mọ́. BSA á ti gba gbogbo ara ike náà kí G6PD yín tó dé ibẹ̀.

Fún ìdíwọ̀n mẹ́wàá, ẹ da ìwọ̀nyí pọ̀: Tris 1 ml, MgCl₂ 100 µl, NADP⁺ 100 µl, omi 8.6 ml. Ó di 9.8 ml. Ẹ jẹ́ kó gbóná dé 25 °C kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó kù nìyí:

1. Ẹ bu 10 µl ẹ́ńsáímù sínú 490 µl bọ́fà ìlà, ìyẹn ìlọ́po 50. Ẹ gbé e sórí yìnyín, kí ẹ sì lò ó láàárín wákàtí kan.
2. Ẹ da 980 µl àdàpọ̀ sínú cuvette, ẹ fi 10 µl ẹ́ńsáímù tí ẹ là sí i, ẹ yí i pọ̀ jẹ́jẹ́.
3. Ẹ ka A340 fún ìṣẹ́jú méjì láìfi G6P sí i. Ó yẹ kó dúró sójú kan. Bó bá ń gòkè, ẹ kọ bó ṣe yára tó sílẹ̀, ẹ máa yọ ọ́ kúrò.
4. Ẹ fi 10 µl G6P sí i, ẹ yí i pọ̀ kíákíá, ẹ máa kà á ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.
5. Ibi tó ti lọ tààrà ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe fa ìlà kọjá ibi tó ti ń tẹ̀.
6. Ẹ ṣe ọ̀kan mìíràn tó ní gbogbo nǹkan àfi ẹ́ńsáímù.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ká ní A340 ń gòkè ní 0.112 ní ìṣẹ́jú kan, tí ó sì jẹ́ 0.002 kí G6P tó wọ̀ ọ́. Èyí tó kù jẹ́ 0.110. Ẹ fi 6.22 pín in, tí í ṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí NADPH 1 mM ń gbà nínú cuvette oní 1 cm: ó di 0.0177 µmol ní ìṣẹ́jú kan nínú 1 ml, ìyẹn 0.0177 U. 10 µl ló ṣe é, nítorí náà 1 ml èyí tí ẹ là ní 1.77 U. Ẹ fi 50 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ó di 88.4 U/ml. Bí purotéènì inú ìgò bá jẹ́ 0.5 mg/ml, agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 177 U fún mg kan. Ẹ fi wé èyí tó wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ìwọ̀n ooru kan náà ni. Èyí tí wọ́n wọ̀n ní 37 °C máa ga gan-an ju ti 25 °C lọ, kì í sì í ṣe pé ẹ́ńsáímù yín ló bàjẹ́.

Bí ẹ bá ń lo àwo oníhò 96, ẹ kò gbọdọ̀ lo 6.22 bẹ́ẹ̀ lásán. 200 µl inú ihò kì í ga tó 1 cm, nǹkan bí 0.6 cm tàbí kó dín díẹ̀ ló máa ń jẹ́. Àṣìṣe yìí nìkan ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹ́ńsáímù tó dára máa dà bí èyí tó ti kú ìdajì.

Àyẹ̀wò kan tó ń dáhùn ìbéèrè méjì

Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀lé nọ́ńbà kankan, ẹ ṣe èyí. Ẹ lo àdàpọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n dípò 10 µl G6P 100 mM, ẹ fi 5 µl G6P 10 mM sí i, kí ẹ sì fi ẹ́ńsáímù tó pọ̀ díẹ̀, 10 µl láti inú èyí tí ẹ là ní ìlọ́po mẹ́wàá. G6P inú cuvette á jẹ́ 0.05 mM. Ẹ dúró títí A340 kò fi ní í gòkè mọ́.

Ó yẹ kó fi nǹkan bí 0.31 gòkè, torí 0.05 lọ́nà 6.22 ni. Bó bá dé 0.31 tó sì dúró, G6P yín pé, ẹ́ńsáímù yín sì mọ́. Bó bá dúró sí 0.25, ìgò G6P ti fa omi tàbí ó ti ń bàjẹ́, gbogbo ìṣirò yín lórí rẹ̀ sì nílò àtúnṣe. Ṣùgbọ́n bó bá kọjá 0.31 tó ń rọra lọ sí 0.6, ẹ ní àlejò nínú ìgò: 6-phosphogluconate dehydrogenase ti E. coli. Ohun tí G6PD bá ṣe tán ni àlejò yìí ń mú, tó fi ń ṣe NADPH kejì. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí agbára G6PD dà bí ẹni pé ó ju bó ṣe wà lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ láti ara ìlà ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Fún NADP⁺, ẹ là á ní ìlọ́po 1000 kí ẹ sì ka A260 nínú cuvette quartz, nítorí oníke lásán ń gba ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. 20 µM máa fún yín ní 0.36. Ó kéré sí bẹ́ẹ̀ gan-an? Ẹ pò òmíràn.

Ẹ tún lè fi NAD⁺ 1 mM rọ́pò NADP⁺. G6PD ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ lo NAD⁺. Ti bakitéríà Leuconostoc mesenteroides, tó wọ́pọ̀ lọ́jà tí owó rẹ̀ sì rọjú, ń lò ó dáadáa. Bí ìgò tí wọ́n pè ní ti ènìyàn bá ń sáré pẹ̀lú NAD⁺, ẹ ní ẹjọ́ láti bá ẹni tó tà á rò.

Nígbà tí nǹkan kò bá lọ bó ṣe yẹ

Kò gòkè rárá. Ẹ wò bóyá G6P wọ inú rẹ̀ lóòótọ́, kí ẹ sì wò bóyá 340 nm ni ẹ̀rọ wà. Bí méjèèjì bá dára, ẹ fi ẹ́ńsáímù tí ẹ kò tíì là sí i, 1 µl. Bó bá wá ṣiṣẹ́ dáadáa, bọ́fà ìlà yín ló ń pa á, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé NADP⁺ tàbí BSA.

Ó yára ní ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n àkọ́kọ́, ó sì tẹ̀. Ẹ́ńsáímù ti pọ̀ jù. NADPH tó ti kó jọ ń dí i lọ́wọ́, NADP⁺ sì ń tán. Gbogbo NADP⁺ 0.2 mM kò lè gbé A340 kọjá 1.24, torí náà ẹ la ẹ́ńsáímù sí i títí yóò fi máa gòkè láàárín 0.05 sí 0.15 ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ dín ẹ́ńsáímù kù sí ìdajì, agbára rẹ̀ sì dín ju ìdajì lọ. Èyí ni àmì tó dájú jù pé ó ń tú ká nígbà tí ẹ bá là á. Ẹ gbé NADP⁺ inú bọ́fà ìlà sókè sí 50 µM, ẹ wò ó bóyá ó máa padà sípò. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò ìdajì yìí nígbàkígbà tí ẹ bá ṣí ìgò tuntun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ń gbà.

Nọ́ńbà kò bára mu láàárín cuvette mẹ́ta tó yẹ kó jọra. Pipette ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Glycerol máa ń ki, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu pipette lóde. Ẹ má ṣe ti ẹnu pipette wọnú omi jù, ẹ fà á sókè lọ́ra, ẹ nu ìta rẹ̀ mọ́ ara túùbù.

Lílo ìrù náà

Ìrù His kò sí fún ìfọ̀mọ́ nìkan. Ẹ lè fi so G6PD mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ nickel kí ẹ mọ irú purotéènì tó ń bá a rìn, tàbí kí ẹ fi pààrọ̀ bọ́fà tó ní ohun tí ẹ kò fẹ́. Tris 50 mM pH 8.0, NaCl 300 mM, imidazole 10 mM àti NADP⁺ 10 µM ni bọ́fà ìsomọ́. NADP⁺ yẹn gbọdọ̀ wà nínú gbogbo bọ́fà tí ẹ máa lò níbí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ fọ 20 µl ìlẹ̀kẹ̀ Ni-NTA (ìlẹ̀kẹ̀ nickel náà) tó wà nínú omi ìdajì-ìdajì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi 20 µg ẹ́ńsáímù nínú 200 µl bọ́fà sí i, ẹ jẹ́ kó máa yí ní 4 °C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ẹ yí i ní 500 × g fún ìṣẹ́jú kan, ẹ pa omi òkè mọ́, ẹ má dà á nù títí ẹ ó fi mọ̀ pé ẹ́ńsáímù kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi imidazole 20 mM fọ ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti tú u, imidazole 250 mM, 30 µl, ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ìlẹ̀kẹ̀ bá di aláwọ̀ ilẹ̀, DTT ti pọ̀ jù. Ẹ lo 2-mercaptoethanol 5 mM dípò rẹ̀. Bí àwọ̀ búlúù rẹ̀ bá lọ tó di funfun, EDTA ti ṣí nickel kúrò. Kọ́lọ́ọ̀mù kékeré tó ń yọ iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi yọ EDTA kúrò lára ẹ́ńsáímù, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ẹ́ńsáímù kò bá so rárá, tí EDTA kò sì sí níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé inú purotéènì tó ká ni ìrù há sí, tàbí pé wọ́n ti gé e kúrò. Antibody tó mọ ìrù His á sọ èyí tó jẹ́ fún yín.

Ẹni tó bá ń wá purotéènì tó ń bá G6PD rìn gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kẹ̀ tí kò gbé nǹkan kankan, àti òmíràn tó gbé purotéènì àjèjì oní ìrù His. Àwọn purotéènì kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ràn nickel fúnra wọn. Láìsí ìlẹ̀kẹ̀ méjì yìí, ẹ máa kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí ọ̀rẹ́ G6PD.

Ẹ yọ imidazole kúrò lẹ́yìn iṣẹ́, kí ẹ tó fi ẹ́ńsáímù náà pamọ́.

Rírí òpó náà pẹ̀lú ojú ara yín

Fún ẹni tó ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tàbí tó fẹ́ fi B wé A⁻, èyí ni ìdánwò tó kọ́ni jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ pèsè bọ́fà ìlà mẹ́ta: èyí tí kò ní NADP⁺, èyí tó ní 10 µM, èyí tó ní 100 µM. Ẹ la ẹ́ńsáímù ní ìlọ́po 50 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 100 µl sínú túùbù PCR méjì-méjì. Ẹ gbé túùbù kan nínú méjì sórí yìnyín, èkejì sínú ẹ̀rọ PCR ní 46 °C fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà sórí yìnyín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sì wọn agbára gbogbo wọn bí a ti sọ lókè. Iye tó kù nínú èyí tó gbóná, lára èyí tó wà lórí yìnyín, ni èsì yín.

Èyí tí kò ní NADP⁺ ló máa kọ́kọ́ ṣubú. Bí gbogbo wọn bá dúró, ẹ gbé ooru sókè ní ìwọ̀n méjì-méjì. Bí gbogbo wọn bá kú, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé pé NADP⁺ 100 µM tó wà nínú ìgò yín ń bá ẹ́ńsáímù wọnú bọ́fà: lẹ́yìn ìlọ́po 50, 2 µM ṣì wà nínú túùbù tí ẹ kọ "òdo" sí lára. Ẹ kọ 2 µM síbẹ̀.